Gbólóhùn Kan Lójúmọ́ ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó

Nígbà tí owó ọkọ̀ láti Òkè Padre dé Bẹyẹrúnkà di ohun tí ènìyàn ń mí kanlẹ̀ kó tó san, mo gbé kẹ̀kẹ́ ológeere tí àbíkẹ́yìn mi fi sílẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn ilé, mo nu eruku ara rẹ̀ nù, mo ní òun ni n ó máa gùn lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ mi wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, “Ìwọ, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta?”

Mo ní, “Ṣé ọdún ló ń wa kẹ̀kẹ́ ni, àbí ẹsẹ̀?”

Ó wọlé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òun náà ló bá mi fẹ́ táyà rẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń ka ohun tí àwọn oníbàárà bá kọ wá, tí mo ń bá wọn wá àṣìṣe inú rẹ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́. Kàlẹ́ńdà ìjọ ni o, ìwé ìpè ìgbéyàwó ni o, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ni ìwé ètò ìsìnkú. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kà nípa àwọn bàbá àti ìyá tí wọ́n sùn nínú Olúwa, tí wọ́n re ibi àgbà ń rè, tí wọ́n lọ sinmi. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú etí tí mo ní.

Láti Òkè Padre, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé Bẹẹrẹ, n ó dúró kí àwọn takisí Máíkírà àti ọ̀kadà jà tán ní ráńdábáòtù, n ó wá dojú kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gòkè lọ sí Màpó. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí mo bá ti gùn ún dé orí, ìyókù di fàájì: n ó sọ̀ sí Ọjà'ba, n ó máa tẹ agogo láàárín àwọn tó ń to ọjà wọn, títí n ó fi yà sí kọ̀rọ̀ tó lọ síbi iṣẹ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí ohun tí ojú mi kò rí. Àwọn kan ń kí mi kú ìgbìyànjú, àwọn kan ń káàánú mi. Ọlọ́kadà kan dẹ ìrìn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbé yín, kẹ̀kẹ́ á máa tẹ̀lé wa bọ̀!”

Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé àwa oníkẹ̀kẹ́ ológeere ṣì pọ̀ nílùú yìí. Nígbà tí mo ń wọ ọkọ̀, n kò rí ẹyọ kan. Bí mo ṣe gun tèmi báyìí, wọ́n ń yọ jáde láti gbogbo kọ̀rọ̀. Bàbá kan wà ní Bẹẹrẹ tí kì í gun tirẹ̀ rárá. Ó máa ń tì í lọ ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń mú ọmọ lọ síléèwé. Bíríkìlà kan sì wà tó máa ń di irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ńtì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń bá mi lórí òkè náà, ojoojúmọ́ ló sì ń kọjá mi. Yóò ní, “Ẹ máa bọ̀, mà!” Kí n tó gbójú sókè, ó ti di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì lásán níwájú mi.

Ṣùgbọ́n obìnrin kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó lọ, òun máa ń sọ̀ ọ́ bọ̀. Kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé ni tirẹ̀, apẹ̀rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, fúláàsì omi gbígbóná sì máa ń jókòó sínú apẹ̀rẹ̀ náà bí olóyè. Ó máa ń wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, á sì fi gèlè funfun di orí rẹ̀ pinpin kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ó rí mi lókèèrè, ó sì pariwo bí ẹni tó rí ẹbí rẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì.

“Obìnrin bíi tèmi! Ẹ kú iṣẹ́ o!”

Kí n tó rí èémí tí n ó fi dáhùn, ó ti dé ìsàlẹ̀. Inú mi bàjẹ́ pé n kò kí i padà. Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì, mo ti pèsè ìdáhùn mi sílẹ̀ láti Bẹẹrẹ. Bí mo ṣe tajú kán rí gèlè funfun náà, mo ju ọ̀rọ̀ lù ú:

“Ẹ ṣé o! Ẹ̀yin náà kú iṣẹ́!”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà lẹ́yìn mi títí ó fi sọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà.

Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òun kò lè dúró, nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń gbé e lọ, ọkọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà kò lè dúró, nítorí bí mo bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀ láàárín òkè yẹn, títì ni n ó ti kẹ̀kẹ́ mi dé orí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni a ń rí sọ lójúmọ́. Bí ó bá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kó tó gbọ́ èsì.

“Níbo lẹ ń gbà lọ?”

“Bẹyẹrúnkà! Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, l'Ókè Àrẹ!”

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí gba odidi ọjọ́ mẹ́ta. Bí òjò bá rọ̀ lówùúrọ̀, tí mo bá wọ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ á dá dúró síbi tó dé. Nígbà kan, ó bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí, ọlidé ìjọba sì bọ́ sí àárín. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ mi mẹ́ta fi wà lẹ́nu mi. Ìrọ̀lẹ́ kò bá wa rẹ́ rárá, nítorí òun gbọ́dọ̀ dúró títí àwọn ìyá á fi wá mú ọmọ wọn tán. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí mo fi mọ ilé obìnrin yìí ju bí mo ṣe mọ ilé àwọn tí a jọ ń pín ògiri lọ. Mo mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ń wa Máíkírà. Mo mọ̀ pé Aládùúrà ni wọ́n. Orúkọ rẹ̀ ni n kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ènìyàn ní lójúmọ́, ta ni yóò fi béèrè orúkọ?

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ Bàbá wọ̀ ọ́.

“Bàbá ọkọ mi ti dé sọ́dọ̀ wa o!”

“Ẹ kú àlejò!”

“Ojú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu!”

“Olúwa á wò ó sàn!”

“Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú náà!”

“A dúpẹ́ o!”

“Ó ti ń ríran kedere!”

Mo ṣàkíyèsí pé bó ṣe sọ èyí tó gbẹ̀yìn, inú rẹ̀ kò dùn tó bó ṣe yẹ. Ní ọjọ́ kejì ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Ó ń sọ̀ bọ̀, ó ti ń mi orí láti òkè.

“Ó ti rí i pé mi ò mọ ilẹ̀ gbá!”

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e: “Ó ti rí i pé ẹran inú ọbẹ̀ mi kéré!”

Ẹ̀rín pa mí débi pé n kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀. Mo ń ti kẹ̀kẹ́ mi lọ, mo ń rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà bá mi lọ́nà, ó ní, “Mà, kí ló dé? Ṣé òkè yìí náà ló ń pa yín lẹ́rìn-ín ni?”

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí ni ohùn obìnrin náà yí padà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ní, “Bàbá kò jẹun lánàá o!” Kò rẹ́rìn-ín. Mo fi gbogbo ọjọ́ ro ohun tí n ó sọ. Ní Ọjọ́rú, mo ké sí i pé kó po ògì tó fúyẹ́ fún un.

Ó ju ọwọ́ kan sílẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ti sú. “Ó ní òun ò fẹ́ nǹkan kan mọ́!”

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ tó sọ mú kí ara mi tutù lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́: “Ó ní òun ń lọ bá Màmá!”

N kò gbọ́ kó dárúkọ Màmá rí. Bàbá nìkan ló wá, Bàbá nìkan ló ń bá a jà. Èmi ti parí èrò lọ́kàn ara mi pé ìyá àgbà náà ti kú tipẹ́. Kí bàbá arúgbó wá kọ oúnjẹ, kó ní òun kò fẹ́ nǹkan kan mọ́, kó ní òun ń lọ bá ìyàwó òun? Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ka bí irú rẹ̀ ṣe ń parí. N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo rí gèlè funfun lókè. Ó ń bọ̀ kánkán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbé ọwọ́ kan sókè ọ̀run, ó sì ké:

“Bàbá ti lọ o! A dúpẹ́!”

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró sẹ́bàá ọ̀nà, mo di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Obìnrin takuntakun! Bàbá ọkọ rẹ̀ jáde láyé, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí mo dé ilé ìtẹ̀wé, ọ̀gá mi rí àṣìṣe mẹ́ta nínú ojú ewé kan tí mo ti fọwọ́ sí. Ó bi mí bóyá ara mi kò yá. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ló ṣọ̀fọ̀.

Mo sọ fún ọkọ mi nílé pé n ó lọ kí i lọ́la, tí í ṣe ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ó ní, “Ta ni orúkọ rẹ̀?”

“N kò mọ̀.”

“Ilé rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó máa wà níhà Ọjà'ba.”

“Kí lo wá mọ̀?”

Mo ní, “Mo mọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀.”

Kẹ̀kẹ́ náà ló sì mú mi débẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Bẹẹrẹ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ agboòrùn tó ti ya. Gbogbo wa là ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo bá a tó ń lẹ táyà, bíríkìlà wa sì jókòó tì í lórí páànù, ó ń dúró de kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Mo ní mo ń wá obìnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́.

“Irú kẹ̀kẹ́ wo?” Kò gbójú sókè.

“Aláwọ̀ ewé, tó ní apẹ̀rẹ̀ níwájú.”

“Ẹ̀ẹ́ẹ̀n. Èyí tí bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ kì í mú. Mo ti kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Ẹ sọ̀ kọjá Ọjà'ba, ẹ yà sọ́wọ́ òsì níbi tí wọ́n ti ń rán fìlà, agbo ilé tí kànga wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni. Ṣé kò sí?”

“Bàbá ọkọ rẹ̀ ló kú.”

Ó gbé táyà sílẹ̀. Bíríkìlà dìde lórí páànù, ó ṣí fìlà. “Áà! Ìyá tó máa ń rẹ́rìn-ín yẹn? Mà, èmi náà ń bá yín lọ. Ojoojúmọ́ là ń pàdé.”

Bí wọ́n ṣe tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe tán, àwa méjèèjì gun kẹ̀kẹ́ lọ kí ọlọ́fọ̀. Lọ́jọ́ náà, bíríkìlà kò kọjá mi. Ó rọra ń gùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gun òkè Màpó, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ bó ṣe yẹ ẹni tó ń lọ kí èèyàn kú ọ̀fọ̀. Ní Ọjà'ba, mo ra búrẹ́dì kan tó gùn bí apá mi, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́.

A rí agbo ilé náà. Ọkùnrin kan tí kò wọ ẹ̀wù ń fọ Máíkírà lẹ́bàá kànga, rédíò ń kọrin lórí ìjókòó ọkọ̀, òun náà sì ń bá a gberin. Mo rò ó pé bí àwọn ọkùnrin kan ṣe ń fara da nǹkan nìyẹn. Bíríkìlà ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, sà. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yìn Bàbá á dára.”

Ọkùnrin náà dá orin dúró. “Bàbá wo?”

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, “Bàbá yín ni, sà. A gbọ́ pé wọ́n ti lọ. A ní ká wá kí yín.”

Kàn-ìn-kàn-ìn já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ jókòó sórí korobá, korobá yí, omi ọṣẹ dà lé gbogbo wa lẹ́sẹ̀. Ó jókòó sínú omi náà, ó gbé ọwọ́ lérí. “Bàbá mi! Bàbá mi! Ta ló pè yín? Nígbà wo ló ṣẹlẹ̀?”

Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde láti inú ilé, ẹ̀fọ́ tó ń já ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ojú rẹ̀ là, ó ṣí ẹnu láti kí mi. Lẹ́yìn náà ló rí ọkọ rẹ̀ nílẹ̀.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Bàbá ti kú!”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Àwọn yìí ni wọ́n wá túfọ̀ fún wa!”

Obìnrin náà figbe ta, ẹ̀fọ́ fọ́n ká. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ìyá kan ti ń ṣí gèlè rẹ̀ kó lè fi di ìbàdí. Èmi dúró láàárín wọn. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo mú ìròyìn wá, ta ló wá fún mi ní ìròyìn?

Mo di ọwọ́ obìnrin náà mú. “Ẹ gbọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lánàá? Ẹ ní Bàbá ti lọ.”

Ó dá igbe dúró. Ó wò mí. “Ó lọ sílé rẹ̀ ni! Ó ti padà sí Fìdítì!”

Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò gbà. Ó ní èèyàn kì í rí ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ kí òun kú ọ̀fọ̀ lásán, pé bóyá Bàbá ti dé Fìdítì kó tó ṣubú. Ó ń wá fóònù kiri ara ṣòkòtò rẹ̀ tó ti rin. Ó pe ìgbà àkọ́kọ́, kò wọlé. Gbogbo agbo ilé sún mọ́ ọn. Bíríkìlà ti dìde dé orí ìkúnlẹ̀, ó ń wò mí bíi pé kí n sọ ibi tí a ó sá gbà. Ó pe ìgbà kejì. Wọ́n gbé e. Ohùn àgbàlagbà kan jáde láti inú fóònù náà, ó ga ju ti rédíò lọ:

“Ṣé ẹ ti rí fìlà mi tí mo gbàgbé?”

Ariwo tó sọ lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, wọ́n á gbọ́ ọ ní Bẹẹrẹ. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń jó. Ọkọ obìnrin náà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni?”

“Ta ni ì bá tún jẹ́? Nọ́ńbà ta lo pè? Ta ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nílé rẹ?”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí kẹ̀kẹ́ dé orí korobá. Bàbá gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹni tó ní mo kú dà? Gbé fóònù fún un.”

Ẹ gbà mí gbọ́, mo kúnlẹ̀ fún fóònù. “Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ má bínú.”

“Ṣé ẹ mọ̀ mí rí ni?”

“Rárá, sà.”

“Ṣé a jọ tan ni?”

“Rárá, sà.”

“Kí lẹ mú wá?”

“Búrẹ́dì ni, sà.”

Mo ń gbọ́ adìyẹ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀ ní Fìdítì. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

“Ẹ kò mọ̀ mí. Ẹ kò tan mọ́ mi. Ẹ gun kẹ̀kẹ́, ẹ ra búrẹ́dì, ẹ wá sunkún mi.” Ó wúkọ́. “Ẹni tí wọ́n bá ti fẹnu pa kì í tètè kú. Ẹ ti fi ọjọ́ kún ọjọ́ mi. Ọlọ́run á dá yín sí.”

Èmi gan-an ló wá kù kó sunkún.

Wọ́n gbé àga jáde, a jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì ń jẹ búrẹ́dì ọ̀fọ̀ náà pẹ̀lú tíì láti inú fúláàsì tí mo ti ń rí lókèèrè láti oṣù mélòó kan. Obìnrin náà wá ń tú gbólóhùn rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kò jẹun lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹran kéré ni. Ó ní òun kò fẹ́ nǹkan kan mọ́ láti ọwọ́ ẹni tí kò mọ ọbẹ̀ sè. Ó wá ní òun ń lọ bá Màmá, ẹni tó mọ̀ ọ́n sè.

Mo ní, “Màmá kò tíì kú?”

“Màmá! Màmá tó lọ sóko láàárọ̀ yìí?”

Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti gbé ife tíì sílẹ̀. Ó ti wọ ẹ̀wù gbígbẹ, orí rẹ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́ padà. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Dúró ná. O ní, ‘Bàbá ti lọ, a dúpẹ́.’ O dúpẹ́ kí ni?”

Bíríkìlà tẹjú mọ́ búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin náà kò mikàn.

“Mo dúpẹ́ pé ó délé láyọ̀ ni.”

Ọkọ rẹ̀ yíjú sí mi. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́?”

Èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti má ṣe fi ohun tí òǹkọ̀wé kò kọ kún ìwé, mo wo ojú rẹ̀ kòrókòró. “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà. ‘A dúpẹ́ pé ó délé láyọ̀.’ Mo gbọ́ ọ ketekete.”

Obìnrin náà tún tíì bù fún mi láìbéèrè.

Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, a kò sọ ọ̀rọ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan mọ́. Àwa méjèèjì ń tètè jáde nílé díẹ̀, a sì ń pàdé lókè, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ lẹ́bàá gbọ̀ngàn Màpó. A ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, a ó sọ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, tíì á sì wà níbẹ̀. Bíríkìlà náà máa ń yà mu díẹ̀ bó bá ń kọjá. Mo ti mọ orúkọ wọn báyìí, wọ́n sì mọ tèmi.

Kò tó oṣù kan tí Bàbá fi padà wá. Ó ní dókítà fẹ́ yẹ ojú òun wò, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé kò sí dókítà tó pè é. Ó ti sọ fún gbogbo Fìdítì pé àwọn kan wà n'Íbàdàn tí wọ́n sunkún òun láìmọ òun rí, òun sì fẹ́ rí wọn. Mo lọ kí i lẹ́yìn iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo bá ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ojú rẹ̀ mọ́ bíi dígí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wò mí, ó wo kẹ̀kẹ́ mi, kẹ̀kẹ́ náà ló sì wò pẹ́ jù.

Ó ní, “Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo máa ń gun irú eléyìí láti Fìdítì dé Ọ̀yọ́ lọ ra ọjà.”

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ó ti gbé agbádá rẹ̀ ká èjìká, ó ti gbé ẹsẹ̀ kọjá irin. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ pariwo, “Bàbá! Ojú yín!” Ó ní ojú kọ́ ni òun fẹ́ fi wà á. Ó yí kànga po lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ ń mì lọ́tùn-ún lósì. Ìgbà tó yí i po lẹ́ẹ̀kejì, ó ti dúró ṣánṣán. Ọmọ rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ẹyin. Àwọn aládùúgbò ń pàtẹ́wọ́, adìyẹ ń sá kiri, ó sì ń tẹ agogo fún wọn kí wọ́n yà lọ́nà. Ìgbà kẹta ló tó dúró níwájú mi gan-an, ó mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà. Ó ní ó lọlẹ̀ jù, pé ìdí nìyẹn tí orúnkún fi ń dùn mí lórí òkè. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé orúnkún ń dùn mí. Mo gbé ìjókòó náà sókè díẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Òótọ́ ni bàbá náà sọ.